Ohun Tí Ọkọ Mi Rán Sókè

Oṣù mẹ́rìnlá ni rọ́kẹ́ẹ̀tì fi gba tábìlì oúnjẹ lọ́wọ́ wa.
Orí itan la ti ń jẹun, bí ará ìrìnàjò.
Verlin á fá lẹbẹ pákó kan, á fọwọ́ pa á, á tún fá a,
á gbé e síwájú iná, á di ojú kan, á wò ó
bí ìyá tó ń wá iná lórí ọmọ.
Òórùn gulu wọ inú búrẹ́dì wa.
Mo ní, "Ìwọ tó ń tún fìríìjì gbogbo ará Kansas ṣe,
tiwa ń jò láti ọjọ́ Kérésì."
Ó ní, "Lavonne, ó kù díẹ̀."

Nígbà tó parí, ó ga jù mí lọ,
ó pupa bí ẹ̀rọ ìkórè tuntun.
Mo rò pé orúkọ mi ni yóò kọ sí i lára.
Orúkọ ajá wa tó kú ló kọ: Tuffy.

Sátidé kan nínú oṣù karùn-ún, a gbé e lọ sí pápá.
Obìnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé ti dé,
ó to rọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sórí àga àwọn ọmọ, ó fi bẹ́líìtì dè wọ́n.
Doreen Kaufholz ló ń ṣọ́ ààbò.
Ó fi ìka ti lẹbẹ wò, ó mì ín, ó béèrè ibi tí ìwọ̀n dúró sí.
"Bí iwájú bá wúwo, yóò lọ tààrà.
Bí ẹ̀yìn bá wúwo, yóò yíjú padà wá bá wa."
Mo ní mo mọ ìdílé tó rí bẹ́ẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Ìkùukùu kan wá dúró sókè orí wa.
Òfin ni: a kì í rán an sínú ìkùukùu.
A jókòó, a mu kọfí tútù,
ọgọ́ta ènìyàn ń fi ojú bẹ ìkùukùu kan.

Márùn-ún. Mẹ́rin. Verlin di ọwọ́ mi mú,
ọwọ́ tí kò dì mú láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ̀.
Mẹ́ta. Méjì.
Iná ni mo kọ́kọ́ rí. Àyà mi gba ìró náà kí etí mi tó gbọ́,
gbààràrà,
bí ẹni fa aṣọ ọ̀run ya láti ìṣẹ́tí dé ọrùn.
Ó ti lọ.
Èéfín funfun ló kù, tí afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ síhìn-ín, tẹ̀ sọ́hùn-ún.

Ó yẹ kí agboòrùn kékeré ṣí lókè téńté,
kí ńlá dúró títí ilẹ̀ yóò fi sún mọ́ ọn.
Méjèèjì ṣí pọ̀.
Afẹ́fẹ́ gbà á bí lẹ́tà tí a kọ sí òun.
Ó kéré bí èékánná, ó kéré bí eruku,
ó di ohun tí a kàn ń rò pé a rí.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi wá a nínú àlìkámà tó dé orókún.
Verlin ń tẹ́tí sí píì, píì rẹ̀,
ẹyẹ kan ń dá a lóhùn, ó ń tàn án jẹ.
Wọ́n ní ohun tó bá lọ sókè, ilẹ̀ ló ń bọ̀.
Òótọ́ ni. Wọn ò sọ ilẹ̀ ta ni.

Ìgbà ìkórè ni Ọ̀gbẹ́ni Unruh kan ilẹ̀kùn wa,
ó gbé e kọ́ èjìká bí ẹni gbé ọmọ tó sùn.
Ẹ̀rọ rẹ̀ ti gé lẹbẹ kan jẹ.
Ó ní òun ò ní gba owó abẹ tó ṣẹ́,
ṣùgbọ́n fírísà òun, ṣé ó gbọ́, ń ké lóru.
Verlin ò gbọ́. Ó ti so bátìrì mọ́ ọn,
ó ń ka iye tí ẹ̀rọ kékeré náà ti tọ́jú láti oṣù karùn-ún:
ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ẹsẹ̀ bàtà, ó lé mẹ́rìnlá.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n bá òun kà á.

Mo ní, "Orúkọ ta ni ó máa jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí?"
Ó ń fi àtàǹpàkò nu eruku àlìkámà kúrò lára Tuffy.
Mo kó àwo kúrò lórí tábìlì kí ó tó bẹ̀ mí.